Ẹ̀kọ́ Tí Sàrátù Fi Kọ́ Àbúrò Rẹ̀

Ọjọ́ Àìkú ni àna ń bọ̀ láti Íjíbítì, Ìyá Sàrátù sì ti ròyìn rẹ̀ ká gbogbo àdúgbò ní Ìlá. Fàrúkù, ọmọ Íjíbítì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ló fẹ́ fẹ́ Abọ́sẹ̀dé, àbúrò Sàrátù. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìyá Fàrúkù ní òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí ọmọ náà kí òun tó gbà.

"Sàrátù, ìwọ lo bá wọn gbé," ni ìyá wọn wí. "Kọ́ àbúrò rẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú Lárúbáwá. Kó má lọ dójú tì wá o."

"Ó dáa, Ìyá mi."

Gbogbo ilé ló gbà pé àwọn ọmọ olówó kan ló ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Káírò kó tó padà wálé. Irọ́ ni. Ijó ló ń jó, ijó ìbàdí, èyí tí obìnrin fi ń mi ikùn àti ìdí níbi ìgbéyàwó àwọn Lárúbáwá. Tó bá jó tán, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á sì júwe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Kò bá ẹnikẹ́ni jókòó nínú ilé rẹ̀ rí. Ìwà Lárúbáwá tó mọ̀ kò ju èyí tí ọ̀gá oníjó kọ́ ọ lọ. Ìyá wọn fẹ́ràn òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún. Sàrátù kì í dúró gbọ́ ìparí rẹ̀.

Kí ló fẹ́ ṣe? Èyí tó mọ̀ náà ló fi kọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ìyá tó dàgbà jù ni kó o kọ́kọ́ kí. Gbé ọwọ́ lé àyà. Má wo ọkọ ẹnikẹ́ni lójú, ìyàwó rẹ̀ ni kó o máa wò. Ohun tí ọkùnrin bá nà sí ọ, jẹ́ kí obìnrin bá ọ gbà á. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, má fẹnu kàn án."

"Kí n má jẹun kẹ̀?"

"Gbé ọwọ́ lé àyà, kó o tẹrí ba."

"Ìkúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn kì í kúnlẹ̀."

"Háà! Ọmọ Ìlá kó má kúnlẹ̀ kí àna!" ìyá wọn ké láti ilé ìdáná. "Yóò kúnlẹ̀ o, kó tó wá gbé ọwọ́ lé ibi tó bá wù ú."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Sàrátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó dénú.

Nígbà tó di Àìkú, Fàrúkù mú ìyá rẹ̀ dé. Ìyá Fàrúkù sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, abáyà dúdú bò ó délẹ̀. Bàbá Àlàbí, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ti na ọwọ́ síta, ṣùgbọ́n obìnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó lọ bá ìyá tó dàgbà jù nínú ilé náà lórí àga, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà. Bàbá Àlàbí gbé obì fún un. Kò fọwọ́ kàn án, àfi ìgbà tí Ìyá Sàrátù bá a gbà á. Abọ́sẹ̀dé ṣẹ́jú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ẹ̀kọ́ náà pé. Sàrátù mí kanlẹ̀.

Wọ́n gbé iyán dé. Fàrúkù jẹ ẹ́, ó yìn ín, ó sì ti àwo kan sọ́dọ̀ Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba. Fàrúkù tún rọ̀ ọ́. Abọ́sẹ̀dé tún tẹrí ba. Ojú Fàrúkù yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún un?" ó bi Sàrátù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ wa máa ń bá wa jẹun. Àwọn tá a bá háyà nìkan ni kì í jẹun lọ́dọ̀ wa."

Sàrátù wo Ìyá Fàrúkù. Àwo tirẹ̀ náà wà bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára Abọ́sẹ̀dé. Ìbínú ni, kò tún sí àní-àní.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí?" Ìyá Fàrúkù bi Sàrátù létí ní èdè Lárúbáwá.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ìyá Sàrátù béèrè.

"Wọ́n ní... wọ́n ní ọmọ náà níwà."

Ìyá Sàrátù kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, inú rẹ̀ dùn débi pé omi dé ojú rẹ̀. Èyí ló dun Sàrátù wọ egungun. Ó ní òun fẹ́ mú àlejò lọ ṣe àlùwàlá, ó sì mú un wọ yàrá.

Níbẹ̀ ló ti kúnlẹ̀, òun tó ní wọn kì í kúnlẹ̀, ó sì fi èdè Lárúbáwá bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀bi mi ni, mà. Oníjó ni mí ní Káírò. Ìwà oníjó nìkan ni mo mọ̀, òun ni mo fi kọ́ àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tèmi kọ̀ ọ́. Ọmọ náà ń jẹun, mà. Ó ń jẹun dáadáa."

Ìyá Fàrúkù wo ẹ̀yìn, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì fà á dìde: "Alẹkisáńdíríà ni èmi ti jó tèmi, ọmọ mi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé tèmi náà, lọ bu iyán wá síbí fún èmi àti ìyàwó ọmọ mi, ebi ń pa mí."