Wílmar àti Àgbo Masela

Olórí kunkun ni Wílmar, ó sì rò pé ọgbọ́n ni. Ní ìlú Tacuarembó tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè Uruguay, kò sẹ́ni tó mọ àgùntàn sun tó o, kò sì sí ìdíje ẹlẹ́ṣin ọdọọdún tí kì í bá wọn sáré. Ọ̀rá tó bá kọ́kọ́ jinná, ẹnu rẹ̀ ló ń lọ, sìgá ló sì máa fi tẹ̀ lé e.

Nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un tó bá ń gun òkè. Dókítà Graciela ní ọ̀rá ti ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀. Ó fún un lóògùn ojoojúmọ́, ó ní kó pa sìgá tì, kó dín ọ̀rá àti iyọ̀ kù, kó sì máa rìn. Oṣù méjì péré ni Wílmar fi gbọ́.

“Ara mi ti le. Kí ni mo tún ń lo oògùn fún?”

Nélida ìyàwó rẹ̀ pòṣé. “Oògùn yẹn náà ló mú un le, ìwọ ọkùnrin yìí!”

Gbogbo ará ibẹ̀ ló ń já òdòdó ewéko kan tí wọ́n ń pè ní masela kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ Jímọ́ Rere, tí wọ́n á sá a gbẹ láti máa fi ṣe àgbo inú rírun. Àpò kan gbáko ni Wílmar ní. Bí àyà bá ti fún un, á ní ẹran tóun jẹ lánàá ló ń da inú òun láàmú, á sì se masela mu.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Lọ́sàn-án Sunday kan, bó ṣe ń sun ẹran fún àlejò nídìí iná, ìrora náà gbá a láyà mú, ó gba apá òsì lọ, òógùn tútù bò ó.

“Nélida, bá mi se masela.”

Nélida wo ojú rẹ̀. “Masela kọ́ lèyí. Jókòó jẹ́ẹ́!” Ó ti ń pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

“O fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò?”

“Kí n dójú tì ọ́ sàn ju kí n di opó lọ!”

Nílé ìwòsàn, wọ́n la iṣan tó dí náà, wọ́n sì fi irin tín-ínrín gbé e ró. Dókítà Graciela ò fi bò fún un. “Ẹ yè é, ṣùgbọ́n apá kan ọkàn yín ti kú. Ẹ ò lè bá wọn sáré ẹṣin mọ́.”

Wílmar sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú. “Ẹ̀bi mi ni, dókítà. Kí ni mo lè ṣe sí èyí tó kù?”

“Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyẹn. Èyí tó kù pọ̀.”

Ọdún kẹta rèé. Ó ń lo oògùn rẹ̀, kò mu sìgá mọ́, àràárọ̀ lòun àti Nélida ń rìn dé etí odò. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀yìn ọgbà ló ń dúró sí, ó sì ń dùn ún, àmọ́ ariwo rẹ̀ ló ń ròkè jù.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe gbogbo àyà tó ń fún ni ni inú rírun. Ọjọ́ tí oògùn mú ara rẹ le kọ́ lọjọ́ tí o máa jù ú nù. Bí ìrora bá gbá ọ láyà mú, wá ilé ìwòsàn kíá, má wá ìkòkò àgbo. Àrùn ọkàn ṣeé bá gbé pẹ́, bí èèyàn bá gbọ́ràn. Wílmar gbọ́ nígbà tí apá kan ti kú. Ìwọ gbọ́ nísinsìnyí tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà láàyè.