Olùkọ́ Tó Ṣẹ́kù Láàyè

Aago méjìlá ọ̀sán ni wọn yóò ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì pa, Fadérẹ̀rá kò sì tíì yan ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò tọ́ ọ sọ́nà nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì àwọn irin. Orúkọ mẹ́rin ló kù. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti kú, ẹ̀rọ ló ń fi ohùn wọn kọ́ni. Ó bi wọ́n bí a ṣe lè yọ òjé tó ti inú omi kànga wọ ọpọlọ àbúrò rẹ̀, tí ọmọ náà kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún un:

"A kò mọ ìyẹn nígbà ayé wa."

Ó pe ẹnì kẹrin, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrógbé, tó ṣì wà láàyè.

"Má yàn mí, ọmọ mi," ni bàbá náà wí. "Àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n lò ju ọdún kan lọ. Bí mo bá sì kú, òfin kò gbà kí o bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ; ẹ̀kọ́ rẹ parí nìyẹn."

"Ṣé ẹ mọ bí a ṣe lè yọ òjé kúrò nínú ọpọlọ, sà?"

"Mo mọ ìdajì rẹ̀."

Fadérẹ̀rá tẹ orúkọ bàbá náà sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì lọ. Mo ti ń bọ̀ báyìí."