Ọ̀dà Ojú

Akọrin náà ṣì ń ké sínú makirofóònù nígbà tí àwọn fijilanté fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn wọlé. Gìtá dákẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti ń kọ orin bíláàkì mẹ́tàlì, orin tí wọ́n ń fi igbe kọ, nínú yàrá yìí nítòsí ojú irin l'Ọ̀fà, tí wọ́n á kun ojú ní funfun, tí wọ́n á fi dúdú yí ẹyinjú po.

"Ẹgbẹ́ òkùnkùn wo lẹ̀ ń ṣe?" ni ọ̀gá fijilanté bi í.

"Orin ni, sà."

Ọ̀gá náà yíjú síta. "Mummy, ẹ wọlé wá wò wọ́n. Ṣé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn tẹ́ ẹ torí wọn pè wá rèé?"

Tíṣà àgbà kan wọlé. Ìyá akọrin náà ni. Ohun tí ọmọ yìí sọ fún un láàárọ̀ ni pé òun ń lọ sí ìdánrawò kúáyà.

"Ẹ nu ojú ẹ̀, ká mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ká tó kó wọn lọ sí téṣàn ọlọ́pàá," ni ọ̀gá náà wí, ó nawọ́ sí akọrin náà.

Ìyá náà fi omi rẹ ìborùn rẹ̀, ó ń nu ún. Iwájú orí yọ. Àpá ẹ̀gbẹ́ ìpéǹpéjú yọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó fi àtàǹpàkò fa ọ̀dà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó fi bo àpá yẹn pátápátá.

"Àwọn kọ́ ni," ló wí, láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."