Dókítà Ó-ku-Díẹ̀ àti Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Fíríìjì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan nínú ìtàn yìí, ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀. Mo búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ó dáa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òótọ́. Ó kéré tán, ilé yẹn wà, òtútù yẹn wà, ọkùnrin yẹn náà sì wà. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti bu iyọ̀ sí i, màá sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

1.
Màmá Aránṣọ ń gbé ní àjà kẹrin nínú ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí agbára wọn ò ká ilé ńlá. Ilé ọ̀hún ti gbó. Tí òtútù bá dé, ńṣe ló máa ń gba ara ògiri wọlé bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè. Ni ìjọba bá kó òṣìṣẹ́ wá pé kí wọ́n fi òwú dí inú ògiri, kí wọ́n sì pààrọ̀ fèrèsé, kí ilé lè móoru láìjẹ iná púpọ̀, kí èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ sì dínkù.

Iṣẹ́ yìí ni ọkùnrin kan ń ṣe ìwádìí lé lórí, kó lè fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì. Ọdún keje rèé tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Tí wọ́n bá ní, "Ìwé ńkọ́?" á ní, "Ó ku díẹ̀." Bó ṣe di Dókítà Ó-ku-Díẹ̀ nìyẹn.

2.
Ó wá lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ògiri yàrá Màmá. Ẹ̀rọ náà á máa ka bí yàrá ṣe móoru tó, á sì máa fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní wákàtí wákàtí.

"Ọmọ mi, kó o tó lọ," ni Màmá wí, "ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, wọn ò fi òwú sí i o. Wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù wúwo, àwọn ò lè sún un."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ fún mi."

"Ẹ̀rọ lẹ́nu ni?"

"Ó ní ju ẹnu lọ. Èèyàn máa ń parọ́, Màmá. Ẹ̀rọ kì í parọ́."

Àga tí Màmá nù fún un, kò fi ìdí kàn án.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iná pupa kan wà lára ẹ̀rọ ọ̀hún tó ń ṣẹ́jú ṣáá, kò jẹ́ kí Màmá sùn. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá yọ ọ́ kúrò, ó jù ú sẹ́yìn fíríìjì. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yìn fíríìjì máa ń gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó wá sọ ọgbọ́n yìí fún àwọn aládùúgbò tí Dókítà lẹ ẹ̀rọ mọ́ ògiri tiwọn náà. Kí oṣù tó parí, ẹ̀rọ ìwádìí mọ́kànlá ló ti ń yáná lẹ́yìn fíríìjì.

3.
Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó dẹ́rù ba Màmá: "Tí ìwé Dókítà bá fi lè jáde pé ilé ti móoru, iṣẹ́ wa parí nìyẹn o. A ò ní padà wá síbi kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láéláé."

Màmá sáré pe Dókítà lórí fóònù. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ yẹn..."

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Màmá! Mò ń rí i níbí. Yàrá yín móoru tọ̀sán-tòru. Ẹ kú oríire!"

"Oríire kẹ̀? Súwẹ́tà mẹ́ta ni mo wọ̀ jókòó yìí!"

"Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí, Màmá. Ara àgbà kì í tètè móoru."

"Ọjọ́ orí? Ṣé ọjọ́ orí ló ń fẹ́ atẹ́gùn lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni?"

Dókítà ti pa fóònù. Màmá kọ lẹ́tà, kò fèsì. Màmá ká a mọ́ orí àtẹ̀gùn, Dókítà ní òun ń kánjú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Màmá gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ náà sú u débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá fíríìjì jà.

4.
Ọjọ́ ìdánwò oyè Dókítà kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa bi í ní ìbéèrè, obìnrin àgbàlagbà kan, ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fojú rí ilé kan. Dókítà yan fanda mú un wá sọ́dọ̀ Màmá. Nítorí ohun tó ti kà nínú ìwé Dókítà pé ilé móoru, Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó tó ka ení, èjì, ó ti wọ̀ ọ́ padà.

Ó fa àga, ó jókòó. "Màmá, báwo ni ilé yìí ṣe rí lára yín?"

"Háà! Ọdún kan gbáko, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí."

"Ẹ̀rọ rẹ̀ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn fíríìjì. Òun nìkan lara rẹ̀ yá nínú ilé yìí."

Ẹnu Dókítà là sílẹ̀. "Màmá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Màmá pàtẹ́wọ́. "Gbọ́ ẹnu ẹ! Ta ló ní ẹ̀rọ á sọ fún òun?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ìwé náà dé. "Ọ̀gbẹ́ni, fíríìjì lo ṣe ìwádìí lé lórí. Kò sí oyè fún ẹ. Lọ tún un bẹ̀rẹ̀."

Ọdún méje wọ gbó. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, òṣìṣẹ́ mẹ́rin wá sún kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi òwú dí ògiri. Dókítà náà padà wá, ó di ọwọ́ Màmá mú, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ máa sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún ilé onílé ṣe, mo kìlọ̀ fún yín: ẹni tí òtútù ń mú, ẹ bi í léèrè ibi tí òtútù ti ń wọlé. Ìwé tí ẹ kà kò ní kí ẹ má dúró gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò bèèrè ní ń pa ara rẹ̀ lórí jẹ.

Ó yá, irọ́ tí mo pa rèé: Dókítà ò padà wá bẹ Màmá. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un, kí inú yín lè dùn. Màmá ṣì ń retí rẹ̀. Ẹ bá mi fi ìtàn yìí ránṣẹ́ káàkiri, bóyá ó máa dé orí fóònù rẹ̀.