Alágogo Gbójú Sókè

Ẹsẹ̀ alágogo yọ̀ nínú omi tí àwọn akọrin fi ń fọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ipele, ó sì fìdí jókòó. Irú ìṣubú tí ọmọdé ń ṣubú ni, tí yóò dìde, tí yóò máa bá eré rẹ̀ lọ. Nǹkan kan kàn dún pàkà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, orí rẹ̀ sì gbéra sókè.

Ó ti pẹ́ tí àìsàn ti sọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ di igi gbígbẹ, tó sì dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Bàtà ló fi ń dá àwọn ọmọ ìjọ mọ̀.

“Ọrùn bàbá ti nà,” ni Monica, olórí akọrin, wí. “Iṣẹ́ Olúwa nìyí.”

Àwọn akọrin ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé orin ọpẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Alágogo wo ojú obìnrin náà títí.

“Ìyá Ọmọ́lẹ́yẹ, o ti hewú.”

“Ó ti pẹ́, Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ.” Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ ni alágogo kò rí mọ́.

“Bá mi wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé inú omi ló wà?”

“Inú omi ni.”

“Omi ọ̀hún, ṣé ó tutù?”

Ìyàwó rẹ̀ tọwọ́ bọ omi. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Ó tutù.”