Áísìì Kẹta

"Ìranù!" Lẹ́bàá sípíkà ńlá tó máa ń jókòó tì ní gbogbo ọjọ́ ìsìn, ẹlẹ́rọ ohùn ìjọ fa áísìì kejì, ẹ̀yà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, yọ, ó jù ú nù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe láti fi dán sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìbàfò wò ń mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde gaara, àmọ́ tó bá ti yí i sókè sí ohùn tín-ín-rín, á dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ki ẹ̀kẹta bọ̀ ọ́, èyí tí àwọn tó tà á fún un ní ó yára jù. Ó yí i sókè. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Wọ́n tún ti ta gbàrọgùdù fún mi!"

Fúnmi akọrin já wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nǹkan yìí! Àtàárọ̀ ló ti ń gún wa létí!"

Ó pa á. Fúnmi mí kanlẹ̀, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Létí ẹlẹ́rọ ohùn ìjọ, kò sí ohun tó yí padà.