Owó Páàkì Lẹ́sẹ̀ Òkè

"Màmá, ẹ sanwó páàkì kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀! Ogún náírà."

Opó kan ti ti ẹsẹ̀ kan jáde nínú ọkọ̀ ìjàpá ògbólógbòó tó wà wá láti Barnawa. "Páàkì kẹ̀? Lórí ilẹ̀ ìjọba? Ọdọọdún ni mò ń wá síbí, n kò sanwó rí."

"Haba, Màmá! Oṣù tó kọjá la bẹ̀rẹ̀," ni onítíkẹ́ẹ̀tì wí.

Ọdún mẹ́fà rèé tí òkúta yí lu ọkọ opó náà pa lórí òkè náà, níbi tó ti ń la ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà gùn ún báyìí. Bí àyájọ́ rẹ̀ bá pé, opó náà á gòkè lọ gbàdúrà níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣàánú mi. Owó epo tí n ó fi délé nìkan ló kù lọ́wọ́ mi."

"Màmá, kì í kúkú ṣe èmi ni n ó jẹ ẹ́." Ó na tíkẹ́ẹ̀tì sí i. "Ìyàwó ọkùnrin tó kú sórí ọ̀nà yìí la ń gbà á fún. Ẹ kà á."

Opó náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni. Wọn ò tilẹ̀ ṣì í kọ.

"Ṣé owó náà ń dé ọwọ́ ìyàwó ọ̀hún?"

"Ó ń dé ọwọ́ rẹ̀ kẹ̀! Wọ́n ní ó ti kọ́lé sí Kabala Doki."

Opó náà tú kókó etí ìró rẹ̀, ó sì ka ogún náírà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé, Màmá. Opó yẹn á máa gbàdúrà fún yín."

"Àmín," ni ó wí, ó sì dorí kọ òkè.